Ẹ Wo Ìrìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pa Á

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ nípa kòkòrò inú odò, kí ẹ tó ṣí ìgò ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí a fi ń pa kòkòrò tí kì í jẹ́ kó jẹrà, ẹ da ohun tí àwọ̀n yín kó sínú abọ́ funfun tó ní omi odò náà gan-an, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ sì mú sùúrù. Ewé á rọlẹ̀, iyanrìn á rọlẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òkú kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń lò ní làábù ń ṣàpèjúwe, ìrù àti ẹsẹ̀ ni wọ́n á ní kí ẹ kà. Bẹ́ẹ̀, ìrù a máa já nínú àwọ̀n. Ẹsẹ̀ náà a máa já.

Ẹ wo ọmọ Ephemeroptera (mayfly) àti ti Plecoptera (stonefly), ẹ̀yà kòkòrò méjì tí ọmọ wọn ń gbé inú odò, tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣì mọ̀. Wọ́n ti kọ́ yín pé ìrù mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, méjì ni ti èkejì. Àmọ́ àwọn Ephemeroptera kan wà tó jẹ́ pé ìrù méjì ni wọ́n ní. Ẹ wá èékánná: ẹyọ kan ló wà lórí ẹsẹ̀ Ephemeroptera, méjì ló wà lórí ti Plecoptera. Kódà kí ẹ tó fi dígí wò ó, ìrìn á ti sọ fún yín. Baetidae, ìdílé kan lára Ephemeroptera, á ta fìrì bí ọmọ ẹja, á dúró, á tún ta. Neoperla, Plecoptera tí à ń bá pàdé nínú odò wa, ńṣe ló ń rá kòrò nídìí òkúta. Tí ẹ bá rí i tó ń gbé ara sókè sódò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi abọ́ ti ń tán nìyẹn. Ẹ tètè pààrọ̀ omi.

Àwọn tó dà bí ìdin ló gba sùúrù jù. Chironomidae, ọmọ kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn, á ká ara rẹ̀ síhìn-ín, á ká a sọ́hùn-ún, láìsinmi. Àwọn kan nínú wọn pupa nítorí hẹmoglóbìn, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé nínú ẹrẹ̀ tí ìdọ̀tí ti gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Ẹtanọ́ọ̀lù á ṣí pupa náà dànù. Simulium, ọmọ eṣinṣin dúdú kékeré, ní tirẹ̀ ń fi ìdí tó ki lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi ti ń sáré. Tí ẹ bá rí i, ẹ bo apá yín, torí ìyá rẹ̀ tó ń fò ló ń gbé kòkòrò tí ń fọ́ni lójú kiri. Eṣúṣú á na ara, á fi ẹnu mú ilẹ̀, á fa ìdí tẹ̀ lé e. Planaria, aràn kékeré inú omi, pẹlẹbẹ náà ni bí eṣúṣú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yọ́ lọ geere láìká ara kò. Sọ ọ́ sínú ẹtanọ́ọ̀lù láàyè, á sún kì débi pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọmọ lámilámi a máa tú omi jáde nídìí, á sì fò síwájú.

Ẹ kọ ìrìn tí ẹ rí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ìwé péńpé sínú ìgò náà pẹ̀lú orúkọ odò àti ọjọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, torí ẹtanọ́ọ̀lù á fọ ohun tí bírò bá kọ nù.