Gbẹ̀gìrì, g àti gb: ibi tí ètò awálẹ́tà mi dé

Jímọ̀ọ́

Eré ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ fi C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ, níbi tí èèyàn yóò ti máa dá lẹ́tà tó fara sin mọ̀. Kí eré tó wáyé, ètò náà gbọ́dọ̀ lè wá lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó sì sọ ipò tó wà.

strchr, irinṣẹ́ tó ń wá lẹ́tà, ti wà nílẹ̀ nínú string.h tó bá C wá. Ẹ fún un ní string (ọ̀rọ̀ tí a tò sílẹ̀) àti lẹ́tà, á dá pointer (atọ́ka) padà síbi tó ti kọ́kọ́ rí i. Bí kò bá rí i, NULL ni, ìyẹn òfo. Mo ní kó wá 'w' nínú "ìwé". Ó rí i, àmọ́ p - s (p ni pointer náà, s ni ìbẹ̀rẹ̀ string) jẹ́ 2. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kejì ni w, C sì ń kà láti òdo, 1 ló yẹ kó jẹ́. Báìtì, ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan, ni C ń kà, lẹ́tà ì nìkan ló sì gba méjì: C3 AC.

Ti lẹ́tà ẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báìtì mẹ́ta ni, E1 BA B9, báìtì kan ṣoṣo sì ni strchr ń wá. strstr(s, "ẹ"), tó ń wá string nínú string, ni mo lò. Ọkàn mi balẹ̀ sí i, nítorí bí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe to UTF-8, ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di báìtì, ní 1992, báìtì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kì í jọ èyí tó tẹ̀ lé e. strstr kò lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín lẹ́tà mìíràn. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni.

Sátidé

Àmì ohùn ni mo bá ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó ń wá e fẹ́ rí é náà, àmọ́ C3 A9 ni é, kò sí e lásán nínú rẹ̀. Mo wá ń da ọ̀rọ̀ kọ sínú string mìíràn kí n tó wá ohunkóhun: à àti á di a, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn fáwẹ́lì yòókù, CC 80 àti CC 81, báìtì àmì ohùn tó ń tẹ̀ lé ẹ àti ọ, sì kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn náà ló kan gb, ibi tí mo gbádùn jù. Lẹ́tà kan ni gb jẹ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Bí èèyàn bá wá g nínú "gbẹ̀gìrì", g inú gb ni strchr máa kọ́kọ́ gbé wá, kì í sì í ṣe òun là ń wá. Mo fi p sí ìbẹ̀rẹ̀ string, mo sì kọ ọ́ báyìí:

while ((p = strchr(p, 'g')) && p[1] == 'b') p++;

Ó fo gb, ó bá g tòótọ́. p - s jẹ́ 5. Láti mọ ipò gan-an, mo ń ka báìtì tí (*s & 0xC0) != 0x80 nìkan, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo sì ka gb sí ẹyọ kan. Ètò náà dáhùn pé 3: gb, ẹ, g. Inú mi dùn púpọ̀!

Ó ku lẹ́tà ńlá, torí tolower, tó ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, kò lè sọ Ẹ di ẹ nínú báìtì wọ̀nyí. Ó tún ku ẹ tí àwọn kíbọọ̀dù kan ń tẹ̀ bí e tó ní CC A3, báìtì àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn. Èyí ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí strchr á pe irú ẹ bẹ́ẹ̀ ní e.