"Not too bad": bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọjọ́ ní Manchester àti n'Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn kí n tó dé Manchester, nǹkan tó kọ́kọ́ tojú sú mi níbí kì í ṣe òtútù o, bí wọ́n ṣe ń sọ bí ọjọ́ ṣe lọ fún wọn ni. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, "not too bad" ni. Ẹni tí òrùlé ilé ẹ̀ ń jò, "not too bad" náà ni, ohùn lo máa fi mọ̀yàtọ̀. Àmọ́ kí tírènì kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, ó ti di "absolute nightmare" nìyẹn! Ẹni tó ti há sí go-slow Ọ̀jọ́ọ̀ rí á kàn máa wò wọ́n ni.

Tí nọ́ọ̀sì bá wá ní "long day" lòun ń ṣe, má bá a dárò o, orúkọ shift ni, wákàtí 12 láti àárọ̀ dalẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ lórí shift pé ọjọ́ òní "quiet". Q-word ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbà pé tẹ́nu bá ti dárúkọ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, áńbúláǹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá. Àwa tá a máa ń pe ejò ní okùn lálẹ́, ṣebí wọ́n ní àwa la nígbàgbọ́ asán.

N'Ìbàdàn wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bi ẹ́ bí ọjọ́ ṣe lọ, wọ́n á ti rí i. O sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, òógùn ti bò ẹ́, ìyá alágbo iwájú ilé á ti ní nọ́ọ̀sì, ẹ kú oòrùn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ó ti ròyìn ọjọ́ ẹ fún ẹ kó o tó lanu. Tó bá wá bi ẹ́ ṣé àlàáfíà ni, "a dúpẹ́ mà" lo máa sọ, kódà kówó oṣù má tíì wọlé, torí náà ẹni tó bá ní òyìnbó ló ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ kó rọra. Ṣùgbọ́n màmá yẹn ò ní gba a dúpẹ́ lásán, á fún ẹ ní àpótí jókòó ni, o máa rò ó látàárọ̀. Níbí, ọmọ tó ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà á bi ẹ́ bí ọjọ́ ṣe rí, àmọ́ "good thanks, you?" ti tó, tó o bá kì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìtàn, ẹ̀rù á bà á.

Oṣù Kejìlá wá le jù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tóòrùn ti wọ̀. Èmi àti àǹtí kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti jà lórí ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní ẹ káalẹ́, mo ní àǹtí, aago mẹ́rin la wà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní ṣé aago ló ń ṣúlẹ̀ ni?