Ìwé àyẹ̀wò hepatitis B tí mo fi ránṣẹ́ sílé

Kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn kankan ní Manchester, wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi láti yẹ hepatitis B wò, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kan ń fà. Àwọn tó ń bójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà èwe mi wá. Káàdì wo? Ọdún 2004 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ti hepatitis B kún abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà yẹn, mo ti ń ru omi ní Ìsánlú. Ohun tí mo ní ni ìwé abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí mo gbà ní Ìlọrin kí n tó wọ bàálù: àkọ́kọ́, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta nígbà tó pé oṣù mẹ́fà.

Èsì jáde, mo ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp ẹbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kà á fún Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì rí níbẹ̀: positive. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe ń dún létí lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí HIV ti dé. Kí n tó jí, ìpè Màmá ti kún fóònù mi. Àǹtí mi tó wà ní Kàbà ti ń wá egbò ibà pọ́njú kiri.

"Ọmọ mi, ta ló kó àrùn ẹ̀dọ̀ ràn ẹ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé yẹn. Ìkẹta ni wọ́n kọ positive sí, òun gan-an la sì ń wá."

Ìlà àkọ́kọ́, HBsAg, kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló ń wá, èròjà tó bo ara rẹ̀ níta. Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ló gbé èròjà yìí jáde ní 1965, láti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Keje, sì ni Ọjọ́ Hepatitis Àgbáyé. Bí ìlà yìí bá jẹ́ positive, kòkòrò wà lára. Bó bá lé ní oṣù mẹ́fà tí kò lọ, ó ti di alábàágbé nìyẹn.

Ìlà kejì, anti-HBc, ń béèrè bóyá ara ti pàdé kòkòrò yìí rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò lè mú un jáde, nítorí èròjà òde ara kòkòrò nìkan ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ti inú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, kòkòrò gangan ló ti bá pàdé, ìbáà ti pé ogójì ọdún.

Ìkẹta, anti-HBs, ni ohun tí ara pèsè láti dènà rẹ̀. Bí òun nìkan bá wà, abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Bí ìkejì àti ìkẹta bá wà tí àkọ́kọ́ kò sí, àrùn ti ṣe onítọ̀hún rí, ara rẹ̀ sì ti lé e lọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, kò tíì kó o, àmọ́ kò sí nǹkan kan tó máa dá a dúró bó bá dé. (Ìkejì nìkan náà máa ń yọjú, ẹ jẹ́ kí dókítà tú ìyẹn.)

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n tún fún mi. "Ó dáa. Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún gún ẹ lábẹ́rẹ́?"

Ìbéèrè gidi. Iye anti-HBs tèmi jẹ́ 64. Ohun tó bá ti dé 10 mIU/mL, ààbò ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlú Ọba ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera kọjá 100. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kan kún un. Ẹni tí kò bá dé 10 lẹ́yìn tó gba gbogbo rẹ̀ pé, á tún un gbà látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò. Oṣù kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ló dáa láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí iye yìí máa ń rẹlẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ti dé ìwọ̀n tó yẹ nígbà kan, ara rẹ̀ ṣì máa rántí kòkòrò náà bí iye ọ̀hún tilẹ̀ wálẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń ṣe é nílé. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ìjọ wọn ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó jáde ní negative, gbogbo ẹbí dúpẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí o! HBsAg nìkan ni bébà yẹn ń wò. Kò sọ pé àbúrò mi ní ààbò. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2018 rí kòkòrò yìí lára ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí negative bá jáde ló yẹ kí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún ń fi ìwé yẹn tú àfẹ́sọ́nà ká. Mo gbọ́ ti ọkùnrin kan lápá Mọ̀pà tí HBsAg rẹ̀ jẹ́ positive, tí wọ́n sì ní kí ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má fẹ́ ẹ mọ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ìyàwó gba abẹ́rẹ́ pé, kí wọ́n yẹ anti-HBs rẹ̀ wò, kí ọkọ máa rí dókítà rẹ̀ déédéé. Jíjẹun nínú abọ́ kan náà kò kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ àjọlò àti ìbímọ ló ń kó o ranni.

Màmá náà ti yẹ tirẹ̀ wò ní Ìlọrin báyìí. HBsAg kò sí, anti-HBc wà, anti-HBs wà: ó ti ṣe wọ́n rí láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ó sì ti lọ. Dókítà ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún wọn ní oògùn jẹjẹrẹ tàbí èyí tó ń dín agbára ara kù, nítorí kòkòrò náà lè jí padà. Wọn kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Màmá ní kí n fi owó abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀.