Ká àga dé 61 ná: ẹ̀kọ́ tí ìbò New Zealand kọ́ mi

Alẹ́ Sátidé ni, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Mo ti dìbò tèmi, torí New Zealand máa ń jẹ́ kí àlejò tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú dìbò tó bá ti lo ọdún kan níbẹ̀. Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, bírò lọ́wọ́, mò ń kọ iye àga tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí nílé aṣòfin sínú ìwé. National, 58. Labour, 45. New Zealand First, 9. Greens, 7. ACT, 1. Mo fa ìlà yí 58 ká, mo lọ sùn. Lójú tèmi, National ti wọlé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, màmá àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wo ìwé náà. Wọ́n ní, "Èwo nínú wọn ló ní 61?"

Kò sí.

Àga 120 ló wà nílé aṣòfin wọn nígbà náà. Aráàlú kì í dìbò yan olóòtú ìjọba. Aṣòfin ni wọ́n ń yàn, ẹni tó bá sì rí aṣòfin tó ju ìdajì lọ kó sẹ́yìn ló ń ṣèjọba. Bí Winston Peters ti New Zealand First, tó ní àga 9 péré, ṣe di ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ń wá ojúure rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì tètè pa ìwé ìṣirò yín dé. Nígbà tí wọ́n ka ìbò àwọn tó wà lókè òkun àtàwọn tó dìbò lẹ́yìn odi àgbègbè wọn tán, National já sí 56, Labour gòkè sí 46, Greens sí 8. Labour, Greens àti New Zealand First tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 61 gééré tẹ́lẹ̀ wá ní 63. Tó bá jẹ́ 61 ni, bí ẹnì kan ṣoṣo bá yapa, ìjọba dé etí bèbè.

Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹwàá, Peters kéde pé Labour lòun yàn. Jacinda Ardern di olóòtú ìjọba, ẹgbẹ́ tó ní àga 56 sì di alátakò. Àwọn kan ní wọ́n ja National lólè. Mi ò gbà, torí kò sófin tó ní ẹni tó ṣe ipò kìíní ló gbọ́dọ̀ ṣèjọba. Ohun tó dùn mí ni pé Peters kò sọ ibi tóun máa lọ kí ìbò tó wáyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tẹ̀ka: ta lẹ máa bá ṣe?

Ẹ tún ka ìwé àdéhùn tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí, torí òun ló ń darí ìjọba, kì í ṣe ìlérí ìpolongo nìkan. Ibẹ̀ ni New Zealand First ti gba bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún fún ìdàgbàsókè àwọn ẹkùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Ardern jáwọ́ nínú owó orí lórí èrè ohun ìní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú, torí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèjọba kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Lálẹ́ ìbò ọdún 2020, kí n tó tan tẹlifíṣọ̀n, mo ti kọ 61 gàdàgbà sókè ìwé mi. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, Labour nìkan ní 65. New Zealand First kò rí ìdá 5 nínú 100 ìbò tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò borí ní àgbègbè kankan, kò sì ní àga kankan mọ́.