Máàpù Ò Mọ Ẹ̀rù: Bí Mo Ṣe Rí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Láti Peckham Dé Paddington

Àyà mi já ní Grosvenor Place. Ọkọ̀ akérò gígùn kan tó ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ Victoria kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì sún mọ́ mi débi pé ká ní mo na ìgbọ̀nwọ́ mi díẹ̀ sí ọ̀tún, ara ọkọ̀ náà ni ì bá bá. Kí n tó mí, òmíràn ti tẹ̀ lé e. Takisí kan fẹ́ yà sí òsì níwájú mi, ẹnì kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì, mo dúró títí ọkàn mi fi balẹ̀, mo sì ń fọwọ́ tì í lọ títí mo fi dé Hyde Park Corner.

Ọ̀nà tí máàpù orí fóònù mi yàn fún mi nìyẹn. Peckham, ní gúúsù London, ni mò ń gbé, iṣẹ́ tuntun tí mo rí sì wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Paddington, ní òdìkejì odò Thames. Owó ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ jẹ owó oṣù mi tán. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń débẹ̀. Kẹ̀kẹ́ sì wà nílé tí mi ò lò. Mo tẹ àdírẹ́sì sínú máàpù, ó ní kìlómítà 10, ìṣẹ́jú 40. Inú mi dùn.

Kí n sọ òótọ́, ibì kan dùn nínú ọ̀nà ọjọ́ náà. Láti Oval dé orí Vauxhall Bridge, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà lọ́tọ̀, kọ́ńkéré ló pààlà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀. 2015 ni wọ́n ṣí i. Mo gun orí odò kọjá láìfòyà rárá. Àmọ́ lẹ́yìn afárá, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà yà wọ inú àdúgbò Pimlico, máàpù sì ní kí n má yà, kí n kọjú sí Victoria nítorí ibẹ̀ ló yá jù. Bí mo ṣe gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìlànà ojú títì ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kìíní 2022 ni Highway Code ti ní kí awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ fi mítà 1.5 sílẹ̀, ó kéré tán, bí eré rẹ̀ kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ. Tó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀, kó fi àyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìwé kan náà ló gbà kí n dúró sí àárín ọ̀nà mi tí mo bá ń súnmọ́ oríta, kí wọ́n lè rí mi. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó jáde nílé. Àwọn tó wa ọkọ̀ kọjá lára mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò fi mítà kan sílẹ̀, ká má tíì sọ ọ̀kan àti àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbi iṣẹ́ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nínú London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń làágùn, ó bi mí pé:

“Àbúrò, ta ló ní kó o gba Victoria?”

“Máàpù ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Máàpù ò mọ ẹ̀rù, kìlómítà ló mọ̀. Ìwọ ṣáà máa wo oríta. Níbi tó o bá ti máa kọjá sí ọ̀tún láàárín ọkọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti ju méjì lọ, wá ọ̀nà mìíràn.” Ó tún ní, “Má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni wàá kọ́kọ́ gùn ún. Dúró di Sunday, nígbà tí kò sí ẹni tó ń lé ọ.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀tún yẹn fún ẹni tí kò tíì gun kẹ̀kẹ́ nílùú yìí rí. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbí, ẹ̀gbẹ́ òsì lèmi náà wà. Tí mo bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, mo gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kí n na ọwọ́, kí n wá rìn la àárín ọkọ̀ tó ń sáré kọjá kí n tó dé ibi tí mo ti máa yà. Ní títì kékeré, kò ṣòro. Ní títì tó ní ojú ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣe é.

Mi ò dúró di Sunday. Mo gba áàpù mìíràn sórí fóònù, èyí tó ní òun ń yan ọ̀nà tó dákẹ́, mo sì jáde ní Wednesday. Lóòótọ́, ọ̀nà náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò yà sí nínú Walworth: òsì, ọ̀tún, ẹ̀yìn ilé, inú ọgbà ilé alájà, òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú fóònù ni mò ń wò, mi ò wo ilẹ̀. Ìgò fífọ́ ló wà nílẹ̀. Mo gbọ́ “ṣììì,” táyà ẹ̀yìn sì ti balẹ̀.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kò jìnnà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ṣì ń ru títí di ìsinsìnyí. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò kí mi. Ó tẹ táyà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní túùbù ti bàjẹ́, ìyẹn £9. Mo ní kò burú. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́, £18. Mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló wá ní táyà gan-an ti gbó, pé tí òun bá fi túùbù tuntun sínú rẹ̀ yóò tún jò kí n tó délé, àfi kí n ra táyà £35. Aago ń lọ, iṣẹ́ ń dúró dè mí, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa táyà nígbà náà. Mo san £62 nítorí ìgò tí kò tó èékánná.

Owó náà kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo dé iná àkọ́kọ́ tí mo fún bíréèkì ẹ̀yìn, kò mú. Ó tú okùn bíréèkì kó lè yọ táyà, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Bíréèkì iwájú nìkan ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Mo padà lọ bá a. Ó so ó pọ̀, kò tiẹ̀ ní kí n má bínú. Táyà àtijọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́. Ó yí i wò lóde, ó yí i wò nínú, ó ní, “Táyà yìí ṣì lè lo ọdún kan.” Ó ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nílé mi.

Torí náà, ẹ má kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù kankan láìfún bíréèkì méjèèjì wò. Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ túùbù fúnra yín. Ìrọ̀lẹ́ kan ni ẹ̀gbọ́n fi kọ́ mi. Túùbù kan, igi ike méjì tí wọ́n fi ń hú táyà, pọ́ǹpù kékeré: gbogbo rẹ̀ wà nínú báàgì mi báyìí.

Ní Sunday, mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Aago 7 àárọ̀ ni mo jáde. Lẹ́bàá ilé ìkàwé Peckham ni mo ti wọ Surrey Canal Walk. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kó pákó. Wọ́n ti dí i, ó ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, ó tẹ́jú, ó sì ń gba abẹ́ afárá àtijọ́ kọjá. Kò sí ọkọ̀ kan níbẹ̀. Ó já mi sí Burgess Park, níbi tí afárá irin kan ti dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, koríko lábẹ́ rẹ̀, nítorí odò tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí kò sí mọ́. Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Láti ibẹ̀ mo gba Portland Street, títì àdúgbò tó dákẹ́, mo sì gba àwọn títì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ Elephant and Castle kọjá.

Ní St George's Circus, níbi tí òpó òkúta ọdún 1771 wà láàárín oríta, ni mo ti bọ́ sórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní C6. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ọ̀nà náà fẹ̀, àlọ àti àbọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kọ́ńkéré sì dá ọkọ̀ dúró sọ́tọ̀. Ó gbé mi gba Blackfriars Road, ó gbé mi gorí Blackfriars Bridge, ó sì rọra gbé mi sọ̀ sí etí odò, níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ mìíràn, C3, wà lórí Victoria Embankment, títì etí odò Thames. Mo pariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́ àfi ọkùnrin kan tó ń sáré ìdárayá, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀yin tó mọ Embankment nínú ọkọ̀ nìkan, ẹ ò tíì rí i. Odò wà lọ́wọ́ òsì mi látìbẹ̀rẹ̀ títí dé Westminster. Joseph Bazalgette ló kọ́ ọ, 1870 ni wọ́n sì ṣí i. Kòtò ìdọ̀tí ńlá ìlú London ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin náà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àní ọkọ̀ tí mo máa ń wọ̀ ní Blackfriars nígbà tí mo ṣì ń fi owó mi jóná. Láti 2016 ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti wà níbẹ̀. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, a ní iná tiwa, kékeré, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Tí tiwa bá ti di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ tó fẹ́ dábùú ọ̀nà wa ti dúró. Mo ń ka àwọn ibi tí mo ti máa yà sí ọ̀tún láàárín ọkọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe. Parliament Square, kò sí. Birdcage Walk, kò sí. Constitution Hill, kò sí, wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Mo wọ Hyde Park, mo gba orí afárá Serpentine, mo jáde ní Lancaster Gate. Kìlómítà 12, ìṣẹ́jú 50. Ó fi ìṣẹ́jú 10 ju ti máàpù lọ, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Inú dídùn yẹn ò pé ọ̀sẹ̀. Ní Tuesday, ṣíìfù mi bẹ̀rẹ̀ ní aago 5 àárọ̀. Mo dé Hyde Park ní 4:35, géètì wà ní títì. Aago 5 àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń tì í, ó sì wà nínú àkọlé níbẹ̀ kedere. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó dára jù lọ ní ìlú yìí ń dópin níwájú irin títì fún wákàtí márùn-ún lóru, wọn ò sì fi àmì kankan síwájú láti kìlọ̀ fún wa. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì, níbo ni ká gbà? Park Lane ni mo gbà. Títì ti ṣófo, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn. Mo dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ kìíní.

Mo bẹ ọ̀gá mi, ó sì gbà kí n máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6. Oṣù kẹta rèé. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ tètè jáde, nítorí láti aago 8 àwọn tó ń sáré lọ síṣẹ́ máa ń kún Embankment, àwọn kan nínú wọn kì í sì í ní sùúrù fún ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹ dẹwọ́ eré níbi tí ọ̀nà bá gba ẹ̀yìn ibùdó bọ́ọ̀sì kọjá, èrò máa ń sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà láìwò. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun bá ń pààrọ̀ ìṣọ́ ní Buckingham Palace, ẹ má retí pé ẹ máa rí ọ̀nà gbà níbẹ̀ láàárín aago 10:30 sí ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti há sáàárín èrò tí gbogbo wọn gbé fóònù sókè, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà.

Àbọ̀ láti ibi iṣẹ́ ṣì ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀ nítorí èyí. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ ọ̀nà kan tó gba apá ibòmíràn. A ti fi Sunday tó ń bọ̀ sí i, aago 7, ní Lancaster Gate.