Ká Tó Ra Àpótí Irinṣẹ́

Ọmọṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe ibi tí òun ti máa rí iṣẹ́. Àpótí irinṣẹ́ ló máa ń béèrè. "Ọ̀gá, èwo ni kí n rà?" Ó ti rí i lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń tò lé ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, tó ní táyà nísàlẹ̀, tó ní ọwọ́ gígùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọ lọ. Èmi náà á bi í ní tèmi kí n tó dá a lóhùn: "Kí lo máa ń gùn lọ sí sáìtì?" Tó bá ní ọ̀kadà ni, ọ̀rọ̀ àpótí alátáyà parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí mo ti ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ títí tí mo fi ra Máíkírà. Kò sí ohun tí wọ́n fi ń kó irinṣẹ́ tí n kò tíì lò: àpò ìrẹsì, ike ọ̀dà, àpótí pákó tí káfíńtà kàn fún mi, àpótí irin, àpótí ike, báàgì. Gbogbo wọn ló ní ìwúlò tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fi ń dájọ́ fún àpótí báyìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tó ti rẹ gbogbo wa, ṣé àpótí yìí á jẹ́ kí n tètè mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kí n tó kúrò ní sáìtì? Èyí tó bá ń gba ẹrù rẹpẹtẹ tí kò lè ṣe ìyẹn, àpò ìrẹsì náà ni, iye tí wọ́n ń tà á ló kàn pọ̀ jù.

Ẹ má fojú di ike ọ̀dà lítà 20 o. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń kunlé á fún yín tí wọ́n bá ti kùn ún tán. Omi ilẹ̀ kì í wọnú rẹ̀, ẹ sì lè dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ jókòó lé e jẹun ọ̀sán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń forí lé. Òòlù á wà lókè, tẹ́sítà tí a fi ń dán iná wò á wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó sì da gbogbo ẹrù sílẹ̀ kí ẹ tó rí bítì dírílì kan ṣoṣo. Wàhálà kejì ni bíríkìlà. Tí bíríkìlà bá ń wá ohun tí yóò fi pọn omi, ike yín ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Ẹ ó bá irinṣẹ́ yín lórí yanrìn, ike á ti wà nídìí kànga. Ohun tó jẹ́ kí tèmi pẹ́ lọ́wọ́ mi ni pé mo kó ṣòkòtò jíǹsì ògbólógbòó fún télọ̀, mo ní kó rán àwọn àpò rẹ̀ mọ́ra yí ẹnu ike náà ká. Pílásì, kọ́tà, sikirudíráfà, oníkálukú wọn wà nínú àpò tirẹ̀ lóde. Òòlù àti hákísọ̀ nìkan ló ń wọ inú lọ. Ojú máa ń ti bíríkìlà pàápàá láti tú gbogbo ìyẹn kúrò nítorí omi.

Àpótí irin alábala márùn-ún, èyí tó máa ń là sọ́tùn-ún sósì tí ẹ bá ṣí i, ẹ fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ó yẹ wọ́n, torí ojú kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, ọkọ̀ ló ń wá bá wọn. Ní tiwa, àpótí yẹn ti wúwo kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gbé e sórí itan lórí ọ̀kadà, etí rẹ̀ á máa jẹ yín lẹ́sẹ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ. Inú ilé ìwẹ̀ tóóró tàbí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù mítà, kò sí àyè tó máa fi là. Ibi tí ọ̀dà rẹ̀ bá sì ti họ, ìpẹtà ló máa gba ibẹ̀ wọlé nígbà òjò.

Àpótí ike ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń fowó ṣòfò. Ìwọ̀n íńṣì ni wọ́n fi ń tà á: 16, 19, 24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ gbé hákísọ̀ yín dání. Lóòótọ́ íńṣì 12 ni ayùn rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ka férémù àti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń kọjá íńṣì 15. Àpótí íńṣì 16 tí wọ́n kọ yẹn, ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Íńṣì 19 ni ẹ ó rà tí ẹ kò bá fẹ́ máa gbé hákísọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ pa ẹran iléyá. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ẹsẹ̀ bàtà 2, tí a fi ń wò ó bóyá nǹkan gún, kò ní wọlé síbẹ̀ náà, okùn ni ẹ ó fi dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kàn ṣí àpótí kí ẹ padé. Ẹ bẹ ọlọ́jà kó jẹ́ kí ẹ kó àwọn òòlù àti sípánà tó ń tà sínú rẹ̀ títí tó fi kún, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan gbé e sókè, kí ẹ mì ín. Ẹ wo ìdí ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ń tẹ̀, tí ìdérí bá ń la ẹnu díẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ wá yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìdérí ti so mọ́ ara àpótí. Èyí tí wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti òpin kan dé èkejì máa ń pẹ́. Èyí tó jẹ́ pé ike kan náà ni wọ́n ká, oòrùn á jẹ ẹ́ gbẹ, á sì kán. Bákan náà ni ìkọ́ tí wọ́n fi ń pa á dé níwájú: irin ni kí ẹ wá. Ọlọ́jà lè bínú díẹ̀, kò burú. Èyí tó ní "oníbàárà, ẹ má da ọjà mi rú" kó tó gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ rékọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ àwọn àpótí olówó ńlá tí wọ́n ń tò lé ara wọn, Packout ti Milwaukee tàbí ToughSystem ti DeWalt, n kò ní pẹ̀gàn wọn. Ẹ ó rí IP65 tí wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn: 6 yẹn ń sọ pé eruku kò lè wọlé rárá, 5 ń sọ pé omi tí wọ́n fi họ́ọ̀sì tú lù ú kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó bá mọ ohun tí eruku sìmẹ́ǹtì ń ṣe fún pílásì á mọyì ìyẹn. Eruku yẹn á wọ oríkèé pílásì, á fa ọ̀rinrin mọ́ra, á dì síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ẹ ó sì fi máa ṣí i. Ṣùgbọ́n táyà àpótí wọ̀nyí, orí kọnkéré dídán ni wọ́n ṣe é fún. Lórí yanrìn àti òkúta inú sáìtì wa, gbígbé lẹ ó gbé e. Àbúrò mi tó ń ṣe púlọ́mbà ní London ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn olè máa ń fọ́ fáànù oníṣẹ́ ọwọ́, débi pé àwọn kan lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn fáànù wọn pé kò sí irinṣẹ́ nínú ọkọ̀ yìí lóru. Alaalẹ́ ni àbúrò mi ń kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń kó ẹrù wọlé kó o jáde lójoojúmọ́, tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí ilẹ̀ ibi tó ń gbé dán, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí tòkúnbọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lówó pọ́ọ́kú, ẹ rà á.

Ní sáìtì tiwa, mítà ọwọ́ tí a fi ń wọn iná nìkan ló nílò ibi tí eruku kò lè wọ̀, ohun tó wà ní kíṣìnì sì ti tó fún un: ike oúnjẹ onírọ́bà lẹ́nu, tó ń dún "kọ́" tí ẹ bá pa á dé. Ẹ ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀ kó máa fa ọ̀rinrin. Kílíìpù, súkúrúù àti kọnẹ́tọ̀, inú ike tí ojú ń ríran kọjá ni kí ẹ kó wọn sí. Agolo Milo dára, àmọ́ ẹ ó ṣí agolo mẹ́ta kí ẹ tó rí ohun tí ẹ ń wá.

Bátìrì dírílì wá yàtọ̀. Ẹ má jù ú sáàárín súkúrúù láìní ìdérí. Tí súkúrúù kan bá dábùú ojú irin rẹ̀ méjèèjì, iná á ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lè jó àpótí mọ́ ọkọ̀. Ike pẹlẹbẹ tó máa ń bá bátìrì tuntun wá, tí àwa máa ń dà nù, òun ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Ẹ má sì fi bátìrì sínú búùtù ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn láti àárọ̀. Tó bá ti gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi sí ṣájà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí á má ṣáàjì rẹ̀ tí ooru bá ti kọjá 40°C tàbí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń gbé báyìí ni báàgì kánfáàsì ẹlẹ́nu gbọọrọ, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle, tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ rà á: okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n rán mọ́ ọn yí ká, tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró sínú rẹ̀ lóòró. Ohun kan, ojú kan. Mo fi ọ̀dà èékánná pupa tí mo gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi kun ìdí gbogbo wọn, káwọn púlọ́mbà má bàa sọ pé "ti wa nìyí". Láàárọ̀, kí a tó mú ohunkóhun, ọmọṣẹ́ mi á fi fóònù ya inú báàgì náà ní fọ́tò. Nírọ̀lẹ́, á gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, á fi wé ara wọn.

Mọ́níyà la wà lọ́jọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń palẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ó pé."

Mo tan iná sí i. Ojú kẹta lápá òsì ṣófo.

"Tẹ́sítà ńkọ́?"

Ó wo fọ́tò, ó wo báàgì, ó sáré gòkè láìfèsì. Inú àpótí súwíìṣì tí a ti gbé sínú ògiri ló ti bá a, ó dúró lóòró nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ pupa ló yọ díẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì làwọn tó ń rẹ́ ògiri ń bọ̀. Ká ní inú ike ọ̀dà tàbí inú àpótí jíjìn la kó ẹrù wa sí ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá tóbi, tí ẹ ó lò tó oṣù bíi mélòó kan níbẹ̀, ẹ ó nílò àpótí tó ń sùn ní sáìtì. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni kí ẹ lọ. Ẹ ní kó lo irin pẹlẹbẹ mílímítà 2, kó fi áńgù áyọ̀n ṣe egungun rẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ bo ẹnu àpótí sílẹ̀ dáadáa kí irin má baà rí ibi kì bọ̀ láti yọ ọ́. Níbi tí àgádágodo máa wà, kó fi irin ṣe bí àpò yí i ká, tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ nìkan lọ́wọ́ ti lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin kò ní rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kó ga tó íńṣì 4 nítorí omi òjò. Kó lu ihò méjì sí ìdí rẹ̀ kí ẹ lè fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ kọnkéré láti inú. Ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un o! Mo mọ púlọ́mbà kan tó gbé tirẹ̀ sínú yàrá nígbà tí ògiri kò tíì dé òrùlé. Nígbà tí ilé parí, gígé ni wọ́n gé àpótí náà sí méjì kó tó jáde.

Bó ti wù kó lágbára tó, dírílì, ẹ̀rọ ìgé àti mítà kò gbọdọ̀ sùn sínú rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àkàsọ̀, sípíríìngì tí a fi ń tẹ páìpù, àgékù wáyà, òòlù ńlá, ìyẹn ni kí ẹ fi síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa ń bá àgádágodo wá: ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé yín, kí ẹ fi ìkejì sílé. Tí gáàdì bá ní kí ẹ fi ọ̀kan síkàáwọ́ òun torí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ḿbà fóònù yín.