Igbó Tí Mò Ń Wọ Bọ́ọ̀sì Lọ Wò

Àbúrò mi tó wà ní Òmù-Àrán rí fọ́tò tí mo fúnra mi ya ara mi láàárín òdòdó búlúù nínú igbó kan lẹ́bàá Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fèsì pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń jayé o! Oúnjẹ là ń wá lọ sígbó níbí, fàájì lẹ̀yin ń bá lọ.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, nítorí kò mọ̀ pé n kò rí ẹni tí ì bá bá mi ya fọ́tò náà.

Nílé, ẹ̀fìnrìn wà lẹ́yìn ilé fún inú rírun, a sì ń ṣa èso èmí nígbà òjò kí a lè fi ṣe òrí. Níbí, òfin ọdún 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni hú ewéko igbó láìgba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀. Òdòdó búlúù wọ̀nyẹn a máa tàn ní Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún, kí ewé igi tó pa dé lókè tí oòrùn kò ní ráyè kan ilẹ̀ mọ́. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún?

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Àwọn tí mo ń pàdé lójú ọ̀nà a sọ gbólóhùn kan nípa ojú ọjọ́, wọ́n a sì kọjá lọ. Ajá wọn ni wọ́n ń bá tàkúrọ̀sọ. Ní ọ̀nà oko tiwa, ẹni tó bá kí ọ pé “Ẹ kú oko o” yóò béèrè ìyá rẹ, yóò béèrè àwọn ọmọ, bóyá yóò tún gbé igi ìdáná díẹ̀ lé ọ lórí. Èsìsì wà níbí pẹ̀lú. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jó mi lẹ́sẹ̀, mo pariwo “Yéè!”, àgùntàn nìkan ló gbójú sókè. Àwọn àgbà ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ti ìlú òyìnbó kò gbọ́ òwe.

Síbẹ̀, mo ní ìdí tí mo fi dúró. Lórí àwọn òkè Peak District tó wà lẹ́bàá Sheffield, ewéko kékeré kan wà tí ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, òkú rẹ̀ tó kóra jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì di ilẹ̀ dúdú tí à ń tẹ̀. Èéfín ilé-iṣẹ́ Manchester àti Sheffield ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbìn ín padà báyìí. Ní Kwara, igi èmí tó lè lo 15 sí 20 ọdún kó tó so ni wọ́n ń gé sun di èédú. Àwọn ẹbí ní kí n wálé wá rìn nínú igbó tiwa. Igbó wo? Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti wọ igbó Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì Kwara, àgbẹ̀ gan-an kò fọkàn balẹ̀ lọ sóko mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ obìnrin tí ń wo ewé kiri. Níbí, ní ọdún 1932, wọ́n ju àwọn òṣìṣẹ́ kan sẹ́wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n fẹsẹ̀ gun Kinder Scout, ọ̀kan nínú àwọn òkè Peak District, láìgbàṣẹ. Lónìí, èmi àlejò ń gun òkè kan náà, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè. Ó wù mí kí ẹnìkan bi mí o, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ìdánìkanwà yìí ju kí n máa wẹ̀yìn wò lọ́nà oko bàbá mi.